Bí wọ́n ṣe ń di iṣẹ́ ọnà kó tó wọ bàálù láti Èkìtì

Ohun tó sábà máa ń ba ère àti àwòrán jẹ́ lọ́nà ni pé ó ráyè mì nínú páálí. Tí wọn ò bá dì í dáadáa, á gba títì Adó sí Àkúrẹ́, á rin gbogbo kòtò dé Èkó, àwọn tó ń kẹ́rù ní éápọ́ọ̀tù á jù ú sórí bẹ́líìtì, wọ́n á tún to ẹrù ẹlòmíì lé e, gbogbo bó ṣe ń mì yẹn ló ń fara gbá ẹ̀gbẹ́ páálí, díẹ̀díẹ̀ ni igi á máa sán tí ọ̀dà á máa bó. Torí náà iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ ò ju pé kó má lè mira, kí nǹkan kan má sì tẹ ibi tí ò lágbára lára ẹ̀.

Ẹ wo ère Epa tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́dọ̀ wa, èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí jó níbi ọdún ìbílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí bí ìkòkò tí wọ́n ń kó sórí, ó nípọn, ó le. Òkè ẹ̀ ni wàhálà wà, bóyá ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n, bóyá jagunjagun lórí ẹṣin tó mú ọ̀kọ̀ dání. Ọ̀kọ̀ yẹn àti etí ẹṣin ló máa kọ́kọ́ kán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá kó àkísà, wọ́n á kì í mọ́ àyíká ọ̀kọ̀ náà pinpin, wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bò ó ni, àkísà yẹn gan-an ló máa ṣẹ́ ẹ, torí tí páálí bá ti tẹ̀ báyìí, orí igi tínínrín yẹn ni gbogbo agbára ẹ̀ máa lọ. Ibi tó nípọn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ wá fóòmù tí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì gé kù, ẹ gbẹ́ ihò sí i bí ìdí ère yẹn ṣe rí gẹ́lẹ́ kó lè há síbẹ̀, ẹ gé òmíì tó máa gbá ẹ̀yìn àti àyà ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ àti etí dá wà láìsí nǹkan tó kàn wọ́n. Páálí yẹn á wá wọnú páálí ńlá, fóòmù bíi sẹ̀ǹtímítà 5 á wà láàárín méjèèjì yíká. Ẹ gbé e, ẹ mì í jẹ́jẹ́, ẹ tẹ́tí sí i. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró kankan, ẹ tú u, ẹ tún un dì.

Ti àwòrán orí kánfáàsì yàtọ̀. Ooru máa ń mú ọ̀dà akírílíìkì rọ̀, tí náílọ́nù bá wá kàn án á lẹ̀ mọ́ ọn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, ọ̀dà á bá náílọ́nù lọ. Bébà glassine, ìyẹn bébà dídán tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan, ló yẹ kó kan ojú àwòrán, kí bubble wrap, náílọ́nù oníròrò yẹn, tó tẹ̀lé e, kí àwọn ròrò ẹ̀ sì kọjú síta kí wọ́n má bàa fi àmì roboto síbẹ̀. Tó bá tóbi, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú férémù kí wọ́n ká a sára páìpù tó fẹ̀, ojú tí ọ̀dà wà ni kó wà níta, torí tó bá wà nínú á hunjọ. Èyí tí ọ̀dà ẹ̀ nípọn, ẹ má ká a rárá.

Ẹ ṣọ́ bí páálí ṣe máa tóbi tó o. Ọ̀pọ̀ bàálù ń gba kílò 23 fún ẹrù kan, kí gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ pa pọ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Tó bá jẹ́ kágò, wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á fi 6000 pín in: páálí 60 lọ́nà 50 lọ́nà 40 á di kílò 20, owó kílò 20 náà sì lẹ máa san bí ère inú ẹ̀ ò tiẹ̀ ju kílò 12 lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan àpótí onígi, plywood ni kẹ́ ẹ lò. Pákó lásán láti sọ́míìlì, òfin àgbáyé ní kí wọ́n ti yan án dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dá a padà torí kòkòrò.

Ìwé wá kù, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní London ní 1924, British Museum ló wà dòní, ó sì dùn wá. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1979, iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 ò gbọdọ̀ jáde láìsí páàmíìtì NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí wọ́n bá sì ti fi ṣe ọdún ìbílẹ̀ rí wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé Epa tí wọ́n ti gbé jó, bó tiẹ̀ jẹ́ àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó kàn án. Tuntun tí wọ́n gbẹ́ fún títà náà, ó dáa kẹ́ ẹ gbàwé sí i lọ́wọ́ NCMM, káwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa dá yín dúró. Wọ́n sì lè fẹ́ rí i lójú, torí náà ìdè ni kẹ́ ẹ fi de páálí tàbí síkúrùù tó bá jẹ́ àpótí, ẹ má kàn án níṣòó, kẹ́ ẹ sì lẹ fọ́tò bí ẹ ṣe tò ó mọ́ inú ìdérí, kí ẹni tó bá tú u lè dá a padà bó ṣe wà.