Ọjọ́ Orí Oyún: Ìwé Scan Wo La Ó Gbà?

Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, gbé ìwé scan méjì wá bá mi. Èyí tó ṣe nígbà tí oyún ṣì kéré ní kó máa retí ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Èyí tó ṣe lẹ́yìn tí ikùn ti yọ dáadáa sún ọjọ́ náà síwájú ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Àǹtí, èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àbúrò kan ní Ìdí-Àbà tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò scan aláboyún ti ARDMS, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn tó ń ṣe scan ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà, fi ìbéèrè kan hàn mí nínú ìwé ìdánrawò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá aládìrẹ gan-an ni.

Bí àwa tó ń ṣe scan ṣe ń ka ọjọ́ orí oyún, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí oyún dúró. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn la ti ń kà, ọjọ́ 280 ló sì jẹ́ lápapọ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40. Nítorí náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oyún ò tíì sí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ọkọ: ọ̀sẹ̀ méjì yìí ti dá ìjà tí kò nídìí sílẹ̀ nínú ilé.

Àmọ́ nǹkan oṣù ẹlòmíràn kì í lọ déédéé, ẹlòmíràn ò sì rántí ọjọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14, láti àtàrí dé ìdí la ń wọ̀n, èyí tí ìwé ń pè ní CRL. Dókítà Hugh Robinson ló gbé e jáde lọ́dún 1973, ní Glasgow ní Scotland, ìlú tí dókítà aláboyún Ian Donald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ scan ikùn jáde lọ́dún 1958. Ọlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ká kò, kò sì gbọdọ̀ na ọrùn sẹ́yìn. A kì í ka ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ló dé tí ti ìbẹ̀rẹ̀ fi dájú jù? Ẹ lọ wo oko àgbàdo. Lọ́sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ padà lọ lẹ́yìn oṣù méjì: èyí tó wà lẹ́bàá ààtàn ti ga ju èèyàn lọ, èyí tó bọ́ sórí ilẹ̀ olókùúta wa yìí ò kọjá orúnkún. Ẹni tó bá wá ń fi gígùn rẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, ilẹ̀ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ọjọ́.

Ìlànà tí ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún ní Amẹ́ríkà, fi síta lọ́dún 2017 bá èyí mu. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 9, bí scan bá fi ju ọjọ́ 5 lọ yàtọ̀ sí ìṣirò nǹkan oṣù, scan la ó gbà. Láti ọ̀sẹ̀ 9 títí kó tó pé 16, ó di ju ọjọ́ 7 lọ. Àyè náà ń fẹ̀ sí i bí oyún ṣe ń dàgbà: ọjọ́ 10 láti ọ̀sẹ̀ 16, ọjọ́ 14 láti ọ̀sẹ̀ 22, ọjọ́ 21 láti ọ̀sẹ̀ 28. Mo máa ń bẹ àwọn tó ń kàwé fún ìdánwò yìí pé kí wọ́n má há nọ́ńbà wọ̀nyí sórí kí wọ́n tó lóye oko àgbàdo yẹn.

Torí pé ibi tí ìdánwò ti ń mú èèyàn nìyí: bí scan ìbẹ̀rẹ̀ bá ti fìdí ọjọ́ múlẹ̀, scan tó dé lẹ́yìn kò lè yí i padà mọ́. Bí oyún bá ti yẹ kó pé ọ̀sẹ̀ 32, tí orí, ikùn àti egungun itan ọmọ sì ń sọ pé 29, oyún náà ṣì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 32. Ọmọ ló kéré. Ẹni tó bá sún ọjọ́ ìbímọ síwájú kí ìwọ̀n lè bá a mu ti fi ọmọ tí oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìwé, ẹnikẹ́ni ò sì ní wá a mọ́.

Mo ní kí ìyá aládìrẹ mú ìwé àkọ́kọ́ dání, kó má jẹ́ kó sọnù, kó sì lọ rí dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè wo omi tó yí ọmọ ká àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ nínú okùn ìwọ́ rẹ̀.