Mo ṣílẹ̀kùn, kò ṣí

Binuksan ko ang pinto, pero hindi ko nabuksan. Èdè Tagalog nìyẹn, èdè Manila àti àyíká rẹ̀ ní Philippines. Bí a bá tú u ní tààrà, ó di: "Mo ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mi ò ṣí i." Ẹ ó ní orí ẹni tó sọ ọ́ dàrú. Kò dàrú o.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, àfòmọ́ ara wọn ló yàtọ̀. Binuksan ń sọ pé mo dáwọ́ lé e: mo fi kọ́kọ́rọ́ yí i, mo fi èjìká tì í. Olùgbọ́ á máa rò pé ó ṣí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò fi ọwọ́ sọ̀yà. Nabuksan ló ní àbájáde nínú: mo rí i ṣí. (Ó tún lè jẹ́ pé mo ṣèèṣì ṣí i.) Àwa náà ń sọ pé "mo jí i títí, kò jí", kò sì sẹ́ni tó ń pè wá ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe mélòó kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Tagalog, wọ́n pọ̀ lọ súà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni sana. Kakain na ako: mo fẹ́ jẹun báyìí. Ẹ wá fi sana sí i, Kakain na sana ako nang dumating siya: mo ti fẹ́ máa jẹun ni ó dé. Oúnjẹ ò tíì dé ẹnu, àlejò ti dá a dúró.

Sana yìí náà ni wọ́n fi ń retí ohun rere. Sana umulan bukas: kí òjò ṣáà rọ̀ lọ́la. (Bukas "ọ̀la" àti bukas tó jẹ́ gbòǹgbò "ṣí" jọra lójú ìwé, ibi tí wọ́n ti tẹnu mọ́ ọn ló yà wọ́n. Àwa tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wà lẹ́nu wa ò lè fi wọ́n ṣẹ̀rín.) Ẹ fi kahapon, "àná", rọ́pò bukas, ìrètí á di àbámọ̀: òjò ì bá ti rọ̀ lánàá. Àwa ń pààrọ̀ "kí" sí "ì bá"; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì fún wọn.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti so ó mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnìkan bá gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ síta, àwọn tó ṣì ń dá sùn á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: sana all. Kó kárí o.