Ṣòkòtò jíǹsì 36,100 dọ́là: kí ni wọ́n rà gan-an?

Nígbà tí ìròyìn jáde lóṣù Kẹta ọdún 2025 pé ẹnì kan san 36,100 dọ́là, ó lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù náírà, fún ṣòkòtò jíǹsì àlòkù, àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn mìíràn ní owó ló ń gun ẹni náà. Irọ́ kọ́ o.

Ta ló ni ṣòkòtò?

Magnus Carlsen, ọmọ Norway, tó ti gba ife àgbáyé ṣẹ́ẹ̀sì ńlá, ayò orí ọpọ́n tí wọ́n ń ta fún wákàtí púpọ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Kí ni ṣòkòtò ọ̀hún ṣe?

Ó lé olówó rẹ̀ kúrò nídìí ayò. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi ìdíje àgbáyé ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ta kíákíá ní New York, FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì, ní òfin àwọn kò gba jíǹsì. Wọ́n bu ìtanràn 200 dọ́là lé e, wọ́n ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó ní ó di ọ̀la. Wọ́n ní kò sí ọ̀la ńbẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ayò tó kàn. Ló bá bínú lọ. Kò pẹ́ tí àjọ náà fi dẹwọ́ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, tó sì padà wá. Nígbà tó yá, ó gbé ṣòkòtò náà sí gbàǹjo lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí owó rẹ̀ lọ fún ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́ àwọn ọmọdé sọ́nà.

Ṣé aṣọ náà tó bẹ́ẹ̀?

Kò tó o. Ẹni tó bá mọ owó ná ní Kàtángùà á mú èyí tó jọ ọ́ délé, owó ọkọ̀ á sì ṣẹ́kù. Ìjà ọjọ́ yẹn ni wọ́n rà.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó ti pẹ́. Lọ́dún 1972, Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà àti Boris Spassky ará Soviet pàdé ní Reykjavik, ní Iceland, fún ife àgbáyé ṣẹ́ẹ̀sì. Fischer pàdánù ayò kìíní. Ó ní ariwo kámẹ́rà ń dí òun lọ́wọ́, kò sì yọjú sí èkejì rárá. Kí ìdíje má baà túká, Spassky gbà kí wọ́n ta ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn, níbi tí òǹwòran kankan kò sí. Fischer borí níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò na Spassky láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì gba ife nígbẹ̀yìn, 12½ sí 8½. Ọpọ́n àti ọmọ ayò yàrá ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fi gbàǹjo tà ní New York lọ́dún 2011, owó rẹ̀ lé ní 60,000 dọ́là. Sítáǹpù tí Iceland tẹ̀ fún ìdíje kan náà ńkọ́? Owó péréte. Ó ti pọ̀ jù nígboro.

Iṣẹ́ ọnà ńkọ́?

Marcel Duchamp, ayàwòrán ọmọ Faransé tó fi àwo ìtọ̀ ránṣẹ́ síbi àfihàn iṣẹ́ ọnà lọ́dún 1917, ló ya pósítà ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Faransé tó wáyé ní Nice lọ́dún 1925. Ẹ wò ó, bí ìgbà tí páálí ṣúgà oníhóró dà sílẹ̀ ló rí. Ó ya pósítà tán, òun fúnra rẹ̀ tún jókòó ta ayò nínú ìdíje náà.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ayédèrú?

Ìbuwọ́lù nìkan kò tó, ọmọ iléèwé lè sín in jẹ. Ọpọ́n tí wọ́n lò ní Reykjavik ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà “ti Reykjavik ni” kì í ṣe ẹ̀rí. Ayò kelòó? Ọwọ́ ta ló ti kọjá? Fọ́tò ọjọ́ náà dà?

Wọ́n fẹ́ ta ìwé tí ọ̀gá kan kọ ìrìn ayò rẹ̀ sí fún mi. Kí n rà á?

Ẹ rọra. Nínú òfin FIDE, àwọn tó ṣètò ìdíje ló ni ìwé yẹn. Ẹ bi olùtajà bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Ṣé mo lè fi owó iléèwé ọmọ ra irú nǹkan báyìí, kí n tà á lọ́dún tó ń bọ̀?

Rárá.

Àwa tí a ní tiwa nílé ńkọ́?

Ọdún 2015 ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé Scrabble ní Perth, ní Australia, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá ní ohunkóhun láti irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ẹni tó lò ó sínú ìwé nísinsìnyí tí ẹ ṣì rántí. Bó bá jẹ́ aṣọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án.