Fífi kóòdù àti ìdánwò kún sọ́fútíwià open source

Sọ́fútíwià open source ni èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in. Ẹni tó bá tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀ lè fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn olùtọ́jú rẹ̀. Ìdánwò ni kóòdù kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kóòdù gangan ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fi ń tọ́jú kóòdù, orí GitHub, ìkànnì tí a ń kó kóòdù sí, sì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ti Linux kernel, ìyẹn ọkàn ètò Linux, yàtọ̀: ímeèlì ni wọ́n fi ń gba àtúnṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀

Fáìlì LICENSE (ìwé àṣẹ) àti CONTRIBUTING (ìlànà fún ẹni tó fẹ́ dá sí iṣẹ́ náà) ni kíkà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn ni fork, ìyẹn ẹ̀dà tara ẹni lórí GitHub, kí a tó fi git clone gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà, kí a sì ya ẹ̀ka tuntun. Ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ ní Tanke, n'Ílọrin, lè fi --depth 1 kún un kó má baà fa gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wálẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, commit, ìyẹn fífi àtúnṣe pamọ́ sínú Git, kò dúró. Push, ìyẹn fífi í ránṣẹ́ sí GitHub, ló nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ sáré ìdánwò tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Èyí tó bá ti kùnà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Àpẹẹrẹ: Ọ̀fà

Lójú òǹkàwé, lẹ́tà mẹ́ta ni Ọ̀fà. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà Unicode (ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà) 4 tàbí 6 ni. Ní ìlànà NFC, tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe, Ọ jẹ́ U+1ECC, àmì ohùn orí rẹ̀ jẹ́ U+0300 lọ́tọ̀, nítorí pé Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ọ̀; f àti à ló kù. Ní NFD, tó ń ya àmì sọ́tọ̀, àmì abẹ́ O náà yapa, lẹ́tà a náà sì yà kúrò lára àmì ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá wá Ọ̀fà nínú àkójọ ìlú Kwara lè bá òfo pàdé bí irú tó tẹ̀ bá yàtọ̀ sí irú tí wọ́n kó pamọ́, bẹ́ẹ̀ ìlú náà wà níbẹ̀.

Ìdánwò rẹ̀ yóò wá orúkọ náà ní irú méjèèjì, yóò sì retí èsì kan náà. "\u1ecc\u0300f\u00e0" ni kí a kọ síbẹ̀ fún NFC, torí àwọn ètò kan máa ń yí irú padà láìsọ fúnni. Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kùnà. Èyí tó yege kí àtúnṣe tó dé kò dán nǹkan kan wò. Ní Python, èdè ìkọ kóòdù kan, unicodedata.normalize, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di irú kan náà, ni àtúnṣe rẹ̀, lára ohun tí a kó pamọ́ àti ohun tí a ń wá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Bíbọ́ gbogbo àmì dànù yóò jẹ́ kí ìdánwò yege, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́

Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago ìwọ̀n àgbáyé. Ìdánwò tó ń fi ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà wé ọjọ́ UTC yóò yege lójúmọmọ, yóò sì kùnà láàárín aago méjìlá òru sí aago kan, àkókò tí àwọn oní-dátà òru ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Kí a kọ ọjọ́ kan pàtó sínú ìdánwò ló dára.

Lórí Windows, ètò ìkọ̀wé lè yí òpin ìlà láti LF (àmì òpin ìlà ti Linux) sí CRLF (ti Windows), kí ìlà kan tí a tún ṣe wá dà bíi gbogbo fáìlì. git diff --stat, tó ń ka iye ìlà tó yí padà, yóò tú u fó kí a tó ṣe commit.

Lórí GitHub, olùtọ́jú lè ní láti fọwọ́ sí i kí ìdánwò aládàáṣe tó sáré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí wọ́n bá ní kí a tún nǹkan ṣe, ẹ̀ka kan náà la ó push sí. Pull request, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe wa, yóò yí padà fúnra rẹ̀.