Inú Kò Run Ọmọ Mọ́, Ṣé Ìfun Ti Jinná Nìyẹn?

Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn ìfun wíwú, ìbáà ṣe Crohn tàbí ulcerative colitis, mọ ohun tí ojú òun ti rí: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tó ń rù lójú ẹni. Lọ́jọ́ tí ìrora bá dáwọ́ dúró, tí ọmọ tún ń sáré kiri, ta ni kò ní sọ pé àìsàn ti lọ? Ibẹ̀ ni àwọn òbí kan ti ń dá oògùn dúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Àìsàn yìí kì í ṣe kòkòrò tí oògùn pa tó sì tán. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló dojú ìjà kọ ìfun, ìjà náà sì lè máa lọ bí iná abẹ́ eérú, kí ọmọ má mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè ìgbẹ́ ọmọ. Nínú neutrophil, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ calprotectin. Bí ìfun bá wú, àwọn neutrophil á rọ́ lọ síbẹ̀, calprotectin á sì bá ìgbẹ́ jáde. Bí kò bá tó máíkírógíráàmù 50 nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan, ọkàn sábà máa ń balẹ̀. Bó bá kọjá 250, ó ṣeé ṣe kí iná ṣì ń jó, bí inú kò tilẹ̀ run ọmọ. Àmọ́ ti ọmọ ọwọ́ máa ń ga láìsí àìsàn kankan, bẹ́ẹ̀ ni àkóràn inú tàbí oògùn ìrora bí ibuprofen lè gbé e sókè. Bó ṣe ń lọ sókè sódò láti ìgbà dé ìgbà ló ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ọjọ́ kan lọ.

“Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára ńkọ́?” Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP, purotéènì tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé ó máa ń pọ̀ sí i bí ibì kan bá wú nínú ara. Nínú ulcerative colitis pàápàá, CRP lè wà bó ṣe yẹ nígbà tí egbò ṣì wà nínú ìfun.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: ìfun lè ti jinná kí inú ṣì máa run ọmọ, nítorí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ ti di ẹlẹgẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò oògùn tó le sí i. Ẹ má sì pè é ní alárékérekè, ìrora rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Ohun kan wà tí òbí lè rí fúnra rẹ̀. Crohn lè dá ìdàgbàsókè ọmọ dúró láìsí ariwo. Bí ṣòkòtò ọdún tó kọjá bá ṣì ṣe rẹ́gí lára ọmọ tí kò ráhùn inú rárá, ẹ sọ fún dókítà.