Bí wọ́n ṣe ń gba irin rẹ́fáínárì lọ́wọ́ iyọ̀, èépá àti ìpẹtà

Ẹni tó bá ti dúró ti mẹ́káníkì ní Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́, rí nígbà tó ń tú radiétọ̀ mọ́tò tí wọ́n ti ń bu omi bọ́ọ̀họ̀ sí fún ọdún mélòó kan, onítọ̀hún ti rí ìṣòro rẹ́fáínárì ní kékeré. Omi tó máa dà jáde á pọ́n bí omi amọ̀, inú àwọn páìpù tín-ín-rín yẹn á ti há, èépá á ti dì mọ́ ọn, tí wọ́n bá sì ha èépá yẹn kúrò, abẹ́ ẹ̀ gan-an ni irin ti ń jẹrà. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan dì mọ́ irin, irin sì dógùn-ún. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ epo rọ̀bì náà ń bá méjèèjì yí, àfi pé tiwọn gbóná ju ti mọ́tò lọ fíìfíì, ásíìdì wà níbẹ̀, tí páìpù kan bá sì lu, epo gbígbóná ló máa jò, iná sì lè tẹ̀lé e.

Iyọ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti ń wá. Epo rọ̀bì kì í dá jáde látinú ilẹ̀, omi máa ń bá a jáde, omi yẹn sì níyọ̀ gan-an, òmíràn tiẹ̀ níyọ̀ ju omi òkun lọ. Wọ́n á ti yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò níbi tí wọ́n ti wà á, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń kù, ó máa fọ́n ká sínú epo ní ẹ̀kán kéékèèké tí ojú ò lè rí. Ẹni tó bá ń ra epo pupa ní Ọjà Jagun mọ̀ pé epo tí wọn ò sè gbẹ, tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, omi á lọ jókòó sísàlẹ̀. Ti epo rọ̀bì ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán omi inú ẹ̀ kéré débi pé ó lè wà nínú táńkì fún ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo ẹ̀ má sọ̀kalẹ̀ tán.

Ohun tí wọ́n wá ń ṣe sí i máa ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu: wọ́n á tún bu omi sí i ni. Omi tó mọ́, bíi lítà 4 sí 8 fún lítà 100 epo, wọ́n á pò ó mọ́ epo tó ti gbóná dé nǹkan bíi 110 sí 150 digirí, kí omi tuntun lè fa iyọ̀ inú omi àtijọ́ mọ́ra, wọ́n á wá darí ẹ̀ sínú táńkì ńlá kan tó ń jẹ́ desalter, tí iná mànàmáná tó lè lé ní 20,000 fólìtì wà nínú ẹ̀, nígbà tí iná ilé ò ju nǹkan bíi 220 sí 240 lọ. Iná yìí ló ń mú kí àwọn ẹ̀kán omi máa fa ara wọn, kékeré á lẹ̀ mọ́ kékeré, á di ńlá, á wúwo, á rì sísàlẹ̀ tòun tiyọ̀, epo á gba òkè jáde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rẹ́fáínárì ń lé ni pé kí iyọ̀ tó ṣẹ́kù má ju pọ́n-ùn kan lọ nínú àgbá 1,000. Lítà 159 ni àgbá kan, ìyẹn ni pé kò ju nǹkan bí ìdajì kílò iyọ̀ lọ nínú epo tó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tánkà onílítà 33,000 márùn-ún. Ó jọ pé kò tó nǹkan àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò fún rẹ́fáínárì Dangote ní Lẹ́kkí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá 650,000 lójúmọ́. Iyọ̀ yẹn ì báà má ju pọ́n-ùn kan yẹn lọ, ó ṣì máa tó kílò 295 lójúmọ́, bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà, lójoojúmọ́ ayé. Tí desalter bá wá ń ṣe ségesège, tí pọ́n-ùn kan di mẹ́wàá, nǹkan bí ọgọ́ta àpò nìyẹn. Kò síbi tó tún yẹ kí wọ́n náwó sí tó ibí yìí, torí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n bá ń lò níwájú, iyọ̀ tó ré kọjá níbí ni wọ́n ń lò ó fún.

Iyọ̀ tó bá ré kọjá, iyọ̀ ọbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ti magnesium àti calcium ló burú. Bí epo bá ń wọnú ìléru, tí wọ́n ń gbé e lọ sí nǹkan bíi 350 digirí, àwọn iyọ̀ méjì yìí máa ń túká pẹ̀lú omi tó kù, ásíìdì hydrochloric á jáde bíi gáàsì. Ásíìdì kan náà tó wà nínú ikùn èèyàn ni. Bó ṣe gbẹ gẹ́gẹ́ bíi gáàsì yẹn, kì í ṣe irin ní nǹkan púpọ̀, ó kàn máa bá ooru epo gòkè nínú táwà ni, táwà gíga tí bẹntiróò, kẹrosíìnì àti díísù ti ń pínyà, á máa gòkè títí á fi dé orí níbi tí nǹkan ti ń tutù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tọ́bẹ̀ bá ń hó, ooru tó bá kan ìdérí ìkòkò ló ń di ẹ̀kán omi, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lórí táwà náà nìyẹn, ásíìdì yìí sì fẹ́ràn omi ju ohunkóhun lọ, ibi tí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ bá ti dì, gbogbo ásíìdì tó wà nítòsí á sáré wọnú ẹ̀. Omi díẹ̀, ásíìdì púpọ̀. Ẹ̀kán yẹn lè jẹ irin lu kí ọdún tó yípo, nígbà tó jẹ́ pé níwájú díẹ̀, níbi tí omi ti pọ̀, irin kan náà wà níbẹ̀ tí nǹkan kan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Wọ́n máa ń fi kẹ́míkà bí ammonia tàbí amine pa agbára ásíìdì yìí, kí pH omi tó ń jáde lókè yẹn, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ásíìdì inú ẹ̀ ṣe le tó, lè wà láàárín 5.5 sí 6.5. Ṣùgbọ́n tí ammonia bá pàdé ásíìdì níbi tí omi ò tíì sí, iyọ̀ míì ni wọ́n máa bí, ammonium chloride, iyọ̀ funfun kan báyìí tó máa dì mọ́ ara páìpù. Á dí ọ̀nà, á tún máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, abẹ́ ẹ̀ á wá di ibi tí irin ti ń jẹrà. Oògùn ìpẹtà ti di èépá nìyẹn, èépá sì tún bí ìpẹtà. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí wọ́n kàn máa da kẹ́míkà sí i. Wọ́n á tún máa fi omi ṣan páìpù yẹn, omi tó pọ̀ débi pé kò ní lè gbẹ tán nínú ooru, kó lè gbá iyọ̀ lọ kó sì la ásíìdì. Omi tí kò tó, ìpalára ló ń ṣe, torí ńṣe ló kàn máa rin iyọ̀ yẹn tí á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kẹ́míkà míì tún wà tó ń ṣiṣẹ́ bí òrí tí wọ́n fi ń para nígbà ọyẹ́, apá kan ẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́ irin, apá kejì á máa lé omi sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì nílẹ̀ wa ti fi ewé dán irú ẹ̀ wò, ewé dóńgóyárò, ewé kajú, wọ́n á rẹ irin sínú ásíìdì tí omi ewé wà nínú ẹ̀, wọ́n á sì wọ̀n ón wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó ń dín jíjẹ irin kù lóòótọ́, kò sì yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀, pàápàá ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kajú pọ̀ tí yunifásítì LAUTECH sì wà, àmọ́ láti inú ife kékeré dé orí táwà tó ń gbóná tọ̀sán tòru, iṣẹ́ ṣì pọ̀ láàárín méjèèjì.

Lápá ibi tó gbóná jù, imí-ọjọ́ (sulphur) tó wà nínú epo lọ̀tá. Láti nǹkan bíi 260 digirí lọ sókè ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin lásán, irin tí chromium 5 tàbí 9 wà nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni wọ́n ń fi kojú ẹ̀. Epo rọ̀bì Bonny Light tiwa ò ní imí-ọjọ́ púpọ̀. Epo míì sì wà tó ní ásíìdì tiẹ̀ látilẹ̀, bíi Doba ti orílẹ̀-èdè Chad, ìyẹn ń fẹ́ irin tó ní molybdenum, àbí kí wọ́n po epo míì mọ́ ọn kí ásíìdì ẹ̀ lè dín kù.

Pípo epo yìí gan-an sì léwu tiẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń fi omi ewé bomubomu sínú mílíìkì láti fi ṣe wàrà, mọ bí nǹkan tó ń ṣàn ṣe máa ń ya, tí á sì dì. Nínú epo rọ̀bì, asphaltene ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan dúdú wúwo tó wà nínú ọ̀dà títì náà. Epo tó gbé e wá lè gbé e dúró, àmọ́ tí epo fẹ́lẹ́ míì bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó lè ya kúrò kó lọ dì mọ́ páìpù, bẹ́ẹ̀ epo méjèèjì ò níṣòro kankan nígbà tí oníkálukú dá wà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ dán an wò nínú ìgò kékeré, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà sí táńkì náà sì lè yí ọ̀rọ̀ padà. Exchanger ló sábà máa ń jìyà ẹ̀, ìyẹn àwọn páìpù tí epo gbígbóná tó ń bọ̀ látinú táwà ti ń fún epo tútù tó ń wọlé ní ooru. Tí èépá bá ti bò ó, ooru ò ní lè kọjá mọ́, ìléru á wá jó gáàsì púpọ̀ sí i kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí epo máa sáré nínú páìpù, torí epo tó bá rọra ń lọ ló ń rí àyè dì, bíi gọ́tà tí omi ẹ̀ ò ṣàn dáadáa, wọ́n sì tún ń fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí asphaltene fọ́n ká sí i.

Síbẹ̀ náà, ọjọ́ kan á jọ́kàn tí wọ́n máa tú u fọ̀, wọ́n á fa ìdì páìpù jáde, wọ́n á fi omi tó ń ya pẹ̀lú agbára ńlá ha á. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣí i o. Níbi tí imí-ọjọ́ ti jẹ irin, èépá dúdú kan máa ń kù síbẹ̀ tó ń jẹ́ iron sulphide, tó bá gbẹ tí atẹ́gùn wá kàn án lójijì, ó lè gbiná fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Nítorí náà, kí wọ́n tó tú bóòtù tó kẹ́yìn, omi ti gbọ́dọ̀ rin ín dáadáa, wọ́n á sì máa rin ín lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi kó gbogbo èépá yẹn jìnnà sí ẹ̀rọ.