Ẹ̀rọ ní kò sí jẹjẹrẹ lọ́mú rẹ: ta ló padà wá yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ n ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, tí ìpolongo lórí jẹjẹrẹ ọmú bẹ̀rẹ̀, dandan ni kí n gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́ pé ẹ̀rọ tuntun ti dé. Wọ́n ní kì í tẹ ọmú, kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́, kò ní ìtànṣán, ó sì ń rí jẹjẹrẹ kí mammogram, ìyẹn fọ́tò X-ray tí wọ́n ń ya ọmú, tó rí i. Mo ti gbọ́ ọ ní Arákálẹ̀, mo ti kà á lórí WhatsApp ìjọ, àwọn ìyá ní Ọjà Ọba náà sì ti fi ayọ̀ sọ ọ́ fún mi.

Pé àrùn náà wà, pé ó ń pa àwọn obìnrin wa, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ìṣirò IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, fi iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in ní Nàìjíríà lọ́dún 2020 sí nǹkan bí 28,000, ó sì fi iye àwọn tó kú sí ohun tó lé ní 14,000. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní àwáwí pé òun kò gbọ́: Betty Anyanwu-Akeredolu, tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ gómìnà wa rí, ní in, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀ ní 1997. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gan-an ló kù.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni mo sábà ń bá pàdé. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn tó ń ta oògùn inú ike ń gbé kiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, tí wọ́n ń pè ní quantum analyser. Wọ́n á ní kí o di ọ̀pá irin kékeré kan mú, okùn rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà, kò ní pẹ́ tí bébà á fi máa jáde. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ mú tiẹ̀ wá kí n bá òun kà á. Ojú ìwé tó dá lórí ọmú ní ìlà márùn-ún, nọ́ńbà wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Mo ka ìlà márààrún, mo tún un kà. Ọmú wíwú wà níbẹ̀, kókó tí kì í ṣe àrùn burúkú wà níbẹ̀, kò sí ìlà kan tó dárúkọ jẹjẹrẹ. Ìyá yìí sì ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti yẹ òun wò, pé òun kò ní jẹjẹrẹ. Irin tí èèyàn dì mọ́wọ́ kò lè mọ ohun tó wà nínú ọmú. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ìkejì ló gba àlàyé, nítorí pé ó ní ìpìlẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ya ooru ara ni, thermography lorúkọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì pọ̀ sí máa ń gbóná. Dókítà Ray Lawson kíyè sí i ní Montreal, ní Kánádà, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1956. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, kí ẹ tó bá wọn pè é ní ẹ̀rọ tuntun. Ní 1973, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan tó yẹ obìnrin tó lé ní 280,000 wò. Kámẹ́rà ooru wà nínú ètò náà níbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú mammogram àti àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Ìdajì àwọn tó ní jẹjẹrẹ ni kámẹ́rà náà kò rí, kódà ó ju ìdajì lọ, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò. Kókó kékeré tó wà nísàlẹ̀ kì í mú awọ gbóná tó bẹ́ẹ̀, ooru sì lè ti ibòmíràn wá: ọmọ tó ń mu ọmú, nǹkan oṣù, ọmú tó fẹ́ kẹ̀, tàbí yàrá tí iná ti lọ. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1982 pé kí wọ́n máa lò ó kún mammogram. Láti 2011 ni àjọ náà ti ń kìlọ̀ fáwọn obìnrin pé kí wọ́n má fi í dípò mammogram.

Bí mo bá sọ gbogbo èyí tán, èsì tí mo máa ń gbà ni pé: “Ṣùgbọ́n ó rí ti àǹtí mi.” Tàbí: “Wọ́n yẹ̀ mí wò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kò sí nǹkan, òótọ́ sì ni, ẹ wò mí.”

Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ há sí. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní 1,000 obìnrin tó rò pé ara òun le wá síbi àyẹ̀wò, tí 5 nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí kò ní kámẹ́rà, tí kò ní wáyà, tó kàn ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀ pé “kò sí nǹkan”. Ẹ̀rọ òfìfo yìí á tọ̀nà fún ẹni 995. Ẹni 995 á jẹ́rìí nínú ìjọ, ẹ̀rí wọn á sì jẹ́ òótọ́ pátápátá. Àwọn 5 tó kù á ti fi ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ sílé, ìgbà tí kókó bá sì yọ, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ, wọn kì í padà sí àgọ́ tí wọ́n ti fi ìwé ayọ̀ lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀rí “wọ́n ní kò sí, kò sì sí” kò fi nǹkan kan hàn nípa ẹ̀rọ, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ti àǹtí náà ńkọ́? Ká tún gbé ẹ̀rọ mìíràn wá, èyí tó máa ń tọ̀nà fún 9 nínú 10 lọ́nà méjèèjì. Á rí 4 tàbí 5 nínú àwọn tó ní in. Ṣùgbọ́n nínú 995 tí kò ní in, á fi jẹjẹrẹ dẹ́rù ba nǹkan bí 100. Gbogbo wọn á ní ìwé tó rí bákan náà lọ́wọ́. Ti àǹtí yín là ń gbọ́, a kì í gbọ́ ti àwọn 100 tí kò lè sùn.

Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: àwọn tí ẹ̀rọ yìí ní ara wọn mọ́, ta ló tọpa wọn, fún ọdún mélòó, mélòó ló wá ní jẹjẹrẹ nínú wọn? Èyí ṣeé ṣe, wọ́n sì ti ṣe é níbòmíràn. Ní Netherlands, wọ́n mú obìnrin tó lé ní 40,000 tí ẹran inú ọmú wọn ki gan-an, tí mammogram ti sọ pé kò rí nǹkan lára wọn. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n ní kí apá kan wá ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya inú ara. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ tú ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ka iye jẹjẹrẹ tó yọjú kí ọdún méjì tí àyẹ̀wò tún kàn tó pé. Nínú 1,000 tí wọn kò pè fún MRI, ó jẹ́ 5. Nínú 1,000 tí wọ́n pè, ó jẹ́ 2.5. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Nítorí kíkà yẹn ni mo ṣe gbà á gbọ́.

Ohun tó dà bíi pé kò lè kùnà náà sì máa ń kùnà. Ní Shanghai, ní China, wọ́n kọ́ ìdajì nínú àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ tó lé ní 266,000 bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni yẹ ọmú wò. Nígbà tí èsì dé ní 2002, jẹjẹrẹ ọmú ti pa 135 nínú àwọn tí wọ́n kọ́, àti 131 nínú àwọn tí wọn kò kọ́. Ní Mumbai, ní Íńdíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọwọ́ yẹ àwọn ìyá wò, láìsí ẹ̀rọ kankan. Obìnrin tó lé ní 150,000 ló wà nínú rẹ̀, ó gba 20 ọdún, èsì sì dé ní 2021: lára àwọn tó ti lé ní 50 ọdún, ikú jẹjẹrẹ ọmú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 30 nínú 100 dín kù, lára àwọn tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, kò hàn pé ó dín kù. Èyí ni mo máa ń rò fún wa níbí, nítorí ọwọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa kò nílò iná NEPA.

Mammogram fúnra rẹ̀ kò pé. Nínú jẹjẹrẹ 8, ó máa ń fo nǹkan bí 1, pàápàá lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ọmú wọn ki, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ní in lọ́dọ̀ wa sì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó ń dunni díẹ̀, owó rẹ̀ kò kéré. Ti ìtànṣán kò tó ohun tí à ń pariwo: ìwọ̀n tó ń wọ ara kò ju ohun tí ayé fúnra rẹ̀ ń fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ méje lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò láti 1963 ní New York, òun pẹ̀lú àyẹ̀wò ọwọ́, wọ́n tọpa àwọn obìnrin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikú jẹjẹrẹ ọmú sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù.

Ó ṣeé ṣe kí èyí tó dára ju mammogram lọ jáde. Wọ́n ń dán ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti èémí wò. Ní Sweden, láti 2021, wọ́n ti kó obìnrin tó lé ní 100,000 jọ láti wò ó bóyá kọ̀ǹpútà lè bá dókítà ka fọ́tò mammogram. Bí wọ́n bá rí ohun tó rọrùn tó sì bá ọmú àwọn ọmọbìnrin wa mu, inú mi á dùn. Mo kàn fẹ́ rí i pé wọ́n ti tọpa àwọn tí àyẹ̀wò náà ní kò sí nǹkan lára wọn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹni tó ti fọwọ́ kan kókó. Ẹni tí kò ní àmì kankan ni à ń ṣe àyẹ̀wò ìdènà fún. Kókó, ọmú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, orí ọmú tó wọnú, awọ tó rí bí èèpo ọsàn: ẹni tó bá rí ìwọ̀nyí ti kọjá àyẹ̀wò ìdènà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kò yẹ kó ju 60 ọjọ́ lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́, ìyẹn láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Ó ń gba ọwọ́ dókítà, síkáànù tàbí mammogram, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n á fi mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ sí láàbù. Wọ́n ń sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú kí jẹjẹrẹ tàn ká, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ wà ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ìwé ẹ̀rọ kan bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un dání, kí ẹ sì ní kí dókítà yẹ̀ yín wò bí ẹni tí kò ní ìwé kankan.